Ọ̀pọ̀ Fọ́tò Nínú Ẹyọ Kan: Ìtàn Iṣẹ́ Ọnà àti Ìbéèrè Òtítọ́

Nínú ilé tí a gbé dàgbà, fọ́tò ńlá kan wà lára ògiri pálọ̀. Bàbá wa àgbà jókòó ní apá ọ̀tún, wọ́n wé láwàní. Ìyá wa àgbà jókòó ní apá òsì, wọ́n fi ìborùn funfun borí. Àwọn méjèèjì gbé ọwọ́ lé orúnkún, wọ́n sì kọjú sí ẹni tí ń wò wọ́n. Kò sí ọmọ kan nínú ilé náà tí kò gbà pé ọjọ́ kan wà tí àwọn àgbà méjì yìí múra, tí wọ́n jọ rìn dé ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò, tí wọ́n sì jókòó pọ̀ lórí àga.

Ní ọjọ́ tí a ń to orúkọ àwọn ará ilé sínú ìwé, tí a fẹ́ fi ọdún sí fọ́tò náà, a bi ìyá àgbà léèrè ìgbà tí wọ́n yà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Ọdún wo lẹ fẹ́ kí n mú níbẹ̀? Ọdún ti bàbá yín ni, àbí ọdún tèmi? Àwa méjèèjì ò jọ jókòó síwájú kámẹ́rà rí. Bàbá yín ti kú kí n tó ya tèmi." Ìgbà yẹn ni a tó mọ̀ pé onífọ́tò àdúgbò ló mú fọ́tò pélébé kan tí bàbá àgbà yà nígbà ayé wọn, tí ó sọ ọ́ di ńlá, tí ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá àgbà, tí ó sì sọ méjèèjì di ọ̀kan.

Ẹnu yà wá. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwa ọmọ-ọmọ. Ẹnì kan ní irọ́ ni ohun tí a gbé kọ́ ògiri láti ọjọ́ yìí wá, kí a sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹlòmíràn ní tọkọtaya ni wọ́n lóòótọ́, wọ́n jọ gbé, wọ́n jọ bímọ, kí ni irọ́ níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ló mú wa wá ìtàn irú iṣẹ́ tí onífọ́tò yẹn ṣe lọ. A fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa àti ẹ̀yin òbí bá wa gbọ́ ọ, nítorí pé iṣẹ́ tí ọ̀gá onífọ́tò nìkan mọ̀ ọ́n ṣe nígbà kan, fóònù inú àpò ọmọdé ń ṣe é lónìí.

ÌMỌ́LẸ̀ GBA IHÒ KÉKERÉ WỌLÉ

Kí a tó lè so fọ́tò pọ̀, fọ́tò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà. Kí fọ́tò sì tó wà, ọmọ aráyé ní láti mọ bí ìmọ́lẹ̀ ti ń rìn. Nínú àwọn tí ó la ọ̀nà yìí, Mùsùlùmí kan wà tí kò yẹ kí a gbàgbé. Òun ni Ibn al-Haytham, tí wọ́n bí ní ìlú Basra ní nǹkan bí ọdún 965, tí ó sì kú ní Káírò ní nǹkan bí 1040. Nínú ìwé ńlá tí ó kọ nípa ìríran, Kitāb al-Manāẓir, ó fi ìdánwò hàn pé ìmọ́lẹ̀ ń ti ara nǹkan wá bá ojú ni, kì í ṣe pé ojú ń rán nǹkan jáde lọ bá ohun tí ó ń wò. Ó tún ṣe àyẹ̀wò bí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ihò kékeré wọ ibi tí ó ṣókùnkùn, bí àwọn fìtílà púpọ̀ tí ó wà níta ihò náà ṣe ń yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lára ògiri inú lọ́hùn-ún. Kámẹ́rà tí a mọ̀ lónìí, ibi ṣíṣókùnkùn tí ó ní ihò kékeré náà ni.

Ohun tí ó kù ni bí a ó ti mú àwòrán tí ó yọ lára ògiri náà dúró. Ìyẹn pẹ́ gan-an. Ní 1839 ni Louis Daguerre ní ilẹ̀ Faransé fi ọ̀nà tirẹ̀ han ayé, lórí páànù bàbà tí a fi fàdákà bò. Àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni; kò ṣe é tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. William Henry Fox Talbot ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mú ọ̀nà kejì wá, tí ó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1841. Lórí pépà tirẹ̀, ohun funfun yóò hàn ní dúdú, ohun dúdú yóò sì hàn ní funfun. Èyí ni àwọn onífọ́tò wa ń pè ní nẹ́gátíìfù. Láti ara nẹ́gátíìfù kan, a lè tẹ fọ́tò mẹ́wàá, a lè tẹ ọgọ́rùn-ún.

Ẹ fiyè sí ibí yìí o. Ọjọ́ tí nẹ́gátíìfù dé ni ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún pípa fọ́tò pọ̀. Ẹni tí ó bá ní nẹ́gátíìfù méjì lọ́wọ́ lè tẹ ìdajì èyí àti ìdajì tọ̀hún sórí pépà kan ṣoṣo. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

OJÚ Ọ̀RUN TÍ Ó Ń SỌNÙ

Kì í ṣe ẹ̀tàn ló kọ́kọ́ mú kí wọ́n máa so fọ́tò pọ̀. Àìpé kámẹ́rà ni. Kẹ́míkà tí wọ́n ń fi sára nẹ́gátíìfù nígbà náà máa ń tètè gba àwọ̀ búlúù ju àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀ lọ. Bí onífọ́tò bá ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ títí igi àti ilẹ̀ fi hàn dáadáa, ojú ọ̀run á ti gba ìmọ́lẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, á wá funfun báláú bí aṣọ àlà, láìsí àwọsánmà kankan. Bí ó bá sì tètè pa á dé nítorí àwọsánmà, ilẹ̀ á dúdú bí èédú.

Ní 1852, Hippolyte Bayard, ará Faransé, dá a lábàá pé kí wọ́n máa ya ojú ọ̀run sórí nẹ́gátíìfù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Gustave Le Gray ló wá sọ ọ̀nà yìí di iṣẹ́ ọnà. Láàrin 1856 sí 1857, ó ya òkun àti ojú ọ̀run, ó sì tẹ méjèèjì sórí pépà kan, tí ó jẹ́ pé ibi tí òkun ti pàdé ọ̀run ni ó fi ojú ìsopọ̀ pamọ́ sí. Àwọn tí ó rí i nígbà náà ṣe hà. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé àwọsánmà tí ó wà lórí òkun kan ni Le Gray tún gbé sórí òkun mìíràn. Ó tọ́jú nẹ́gátíìfù àwọsánmà rẹ̀ bí ẹni tọ́jú irúgbìn, ó ń mú un lò nígbà tí ó bá fẹ́. Nígbà tí ó ṣe, ó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ìlà-oòrùn lọ, ó sì ń kọ́ àwọn ènìyàn ní àwòrán yíyà ní Káírò títí ó fi kú síbẹ̀ ní 1884.

Ní ilẹ̀ Íjíbítì kan náà ni Muhammad Sadiq Bey ti wá, ẹnjiníà ológun tí ó gbé kámẹ́rà lọ sí ilẹ̀ mímọ́. Òun ló ya fọ́tò Mọ̀dínà ní 1861, ní nǹkan bí 1880 ó sì ya Mẹ́kà nígbà tí ó bá àwọn arìnrìn-àjò Hájì láti Íjíbítì lọ. Ojú kámẹ́rà rẹ̀ kò gbòòrò tó láti gba ìlú mímọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà ó ya apá kan, ó yí kámẹ́rà díẹ̀, ó ya apá kejì, ó sì to àwọn fọ́tò náà mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹni tí kò lè dé ibẹ̀ lè rí i ní gbígbòòrò. Fọ́tò àpapọ̀ ni èyí náà, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tí a fi kún un tí kò sí níbẹ̀, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ sì hàn gbangba.

Ọ̀GBỌ̀N NẸ́GÁTÍÌFÙ ÀTI JÙ BẸ́Ẹ̀ LỌ

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà kọjá ojú ọ̀run. Oscar Rejlander, ọmọ Sweden tí ó ń gbé ní Wolverhampton, ṣe fọ́tò kan ní 1857 tí ó pè ní Ọ̀nà Ìgbésí Ayé Méjì. Bàbá arúgbó kan dúró láàrin ọ̀dọ́kùnrin méjì. Ọ̀kan kọjú sí iṣẹ́, ẹ̀kọ́ àti ìsìn. Èkejì ń sáré lọ síbi tẹ́tẹ́, ọtí àti àgbèrè. Nẹ́gátíìfù tí ó ju ọgbọ̀n lọ ni Rejlander fi ṣe é, ó sì gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ya àwọn ènìyàn náà ní méjì-mẹ́ta, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó wá ń tẹ̀ wọ́n sórí pépà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó ń fi aṣọ dúdú bo ibi tí kò tíì kàn. Wọ́n gbé e síta níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá ní Manchester lọ́dún náà, Ọbabìnrin Victoria sì ra ọ̀kan. Àwọn kan bínú sí i nítorí ìhòòhò tí ó wà níbi apá ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ ọ̀dà ni a fi kùn ún kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò ni, ènìyàn gidi ló dúró níwájú kámẹ́rà.

Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, 1858, Henry Peach Robinson gbé tirẹ̀ jáde. Nẹ́gátíìfù márùn-ún ló fi ṣe é. Ọmọbìnrin kan ni ikọ́ ẹ̀gbẹ ń pa lọ lórí àga; ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ọkùnrin kan sì kẹ̀yìn sí wọn lójú fèrèsé. Ọ̀pọ̀ tí ó rí fọ́tò náà ni ó dùn wọnú egungun. Wọ́n ní ìwà àìláàánú ni kí ènìyàn gbé kámẹ́rà wọ yàrá ẹni tí ń kú lọ. Ṣùgbọ́n ara ọmọbìnrin yẹn le koko. Ó kàn jókòó fún fọ́tò ni. Àwọn tí ó mọ̀ bínú pé a tan àwọn jẹ, àwọn tí kò mọ̀ bínú pé a kò bọ̀wọ̀ fún ikú.

Ibí yìí ni ìbéèrè ilé wa ti bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn ń gba ohun tí a fi ọ̀dà yà bí àlọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba fọ́tò bí ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá ń so fọ́tò pọ̀, àlọ́ ni ó ń pa, ṣùgbọ́n aṣọ ẹlẹ́rìí ni ó wọ̀ nígbà tí ó ń pa á.

NÍGBÀ TÍ Ó DI JÌBÌTÌ

Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ fi rí ọjà tà nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, William Mumler ń ya fọ́tò fún àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gba fọ́tò wọn, wọn á rí òjìji ẹnì kan tí ó dúró sẹ́yìn wọn, yóò sì ní ẹ̀mí òkú wọn ni. Àkókò náà, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865, ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ ènìyàn lọ. Àwọn ìyá àti àwọn opó ń wá ojú tí wọn kò ní rí mọ́. Wọ́n gbé Mumler lọ sí ilé-ẹjọ́ ní New York ní 1869. Adájọ́ dá a sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rí kò tó, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ wò ó dáadáa: ohun tí Mumler ṣe àti ohun tí onífọ́tò àdúgbò wa ṣe jọra. Àwọn méjèèjì fi òkú sí ẹ̀gbẹ́ alààyè. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìyá wa àgbà mọ ohun tí wọ́n sanwó fún, àwọn oníbàárà Mumler kò mọ̀.

Ìjọba náà kò gbẹ́yìn. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní Paris ní 1871, Eugène Appert kó àwọn òṣèré jọ, ó ní kí wọ́n dúró bí àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí ń pa ènìyàn, ó wá gé orí àwọn tí wọ́n ń wá lẹ́jọ́ láti inú fọ́tò mìíràn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn àwọn òṣèré. Ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, fọ́tò kan wà tí Stalin àti Nikolai Yezhov, olórí ọlọ́pàá inú rẹ̀, jọ ń rìn létí odò. Nígbà tí Stalin mú Yezhov, tí wọ́n sì pa á ní 1940, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú fọ́tò náà. Omi odò ni wọ́n fi dí ibi tí ó dúró sí. Ẹni tí wọ́n pa lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n tún pa lẹ́ẹ̀kejì nínú ìrántí.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan ba gbogbo ọjà jẹ́. Ní Jámánì, John Heartfield fi àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù bá Hitler jà. Ó ń gé fọ́tò inú ìwé ìròyìn, ó ń tò wọ́n kí òtítọ́ tí ó farasin lè yọ síta, títí ó fi sá kúrò ní Jámánì ní 1933. Kò sí ẹni tí ó rí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Òwe ni ó ń pa, ẹni tí ó rí i sì mọ̀ pé òwe ni.

ÌBEJÌ TÍ Ó KU Ọ̀KAN

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sí ilẹ̀ wa. Gbogbo wa ni a mọ̀ bí ìbejì ti pọ̀ tó láàrin Yorùbá. Ní ayé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère ìbejì, wọ́n á máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú ọmọ. Nígbà tí ẹ̀sìn Islam àti ti Kristi gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé kò fẹ́ ère mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ ọmọ kò tìtorí èyí fúyẹ́.

Ní 1975, Stephen Sprague, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà, wá sí ìlú Ìlá Ọ̀ràngún, ó jókòó ti àwọn onífọ́tò ibẹ̀, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1978. Ọ̀kan nínú ohun tí ó bá pàdé ni fọ́tò ìbejì. Bí ìkan bá kú kí wọ́n tó jọ ya fọ́tò, onífọ́tò yóò ya èyí tí ó kù láyé, yóò sì tẹ nẹ́gátíìfù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọmọ kan á wá di méjì. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, wọ́n á kọ́kọ́ wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ tí ó kù, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á tún yà á, wọ́n á wá so méjèèjì pọ̀. Bí ènìyàn bá wo àárín fọ́tò náà dáadáa, yóò rí ojú ìlà ibi tí apá kan ti pàdé ìkejì.

Kò sí ìyá tí ó gba irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ tí kò mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo ló wà níwájú kámẹ́rà. Kò sí ẹni tí a tàn. Ohun tí ó ń sọ ni pé, méjì ni mo bí. Ẹ má ṣe kà á sí ọ̀kan. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kámẹ́rà kò rí i. Ṣùgbọ́n àwa Mùsùlùmí ní láti ṣọ́ra níbí: fọ́tò ìrántí kì í ṣe ohun tí a ń bọ, kì í ṣe ohun tí a ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Àdúà ni òkú ń fẹ́.

ẸNI TÍ Ó PADÀ SÍDÌÍ ÀPÓTÍ RẸ̀

Ẹni tí ó gbé iṣẹ́ yìí dé ibi gíga jù nínú yàrá òkùnkùn ni Jerry Uelsmann, tí wọ́n bí ní Detroit ní Amẹ́ríkà ní 1934, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Florida láti 1960 fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì kú ní 2022. Ní ìgbà tí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ pé kí onífọ́tò ti rí fọ́tò rẹ̀ pé lọ́kàn kí ó tó tẹ kámẹ́rà, Uelsmann ní rárá, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni nígbà tí a bá délé. Ó ń ya igi, òkúta, ọwọ́, omi, ilé àtijọ́, láì mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Ó tẹ gbogbo fíìmù rẹ̀ ní kékeré-kékeré sórí pépà, ó sì pa wọ́n mọ́. Nígbà tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, yóò jókòó ti àwọn pépà wọ̀nyí, yóò máa wo igi tí ó yà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn bóyá ó lè bá omi tí ó yà lánàá mu.

Bí ó ti ń ṣe é nìyí. Ní yàrá òkùnkùn, ẹ̀rọ kan wà tí a ń fi nẹ́gátíìfù sí, tí iná rẹ̀ ń gba inú nẹ́gátíìfù kọjá bọ́ sórí pépà, tí àwòrán á fi tóbi. Ẹ̀rọ kan ni ó ń tó ọ̀pọ̀ onífọ́tò. Uelsmann to bíi méje sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nẹ́gátíìfù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yóò gbé pépà sábẹ́ èkíní, yóò fi páálí tàbí ọwọ́ bo ibi tí kò fẹ́ kí iná dé, yóò sì máa mi páálí náà díẹ̀díẹ̀ kí etí ibi tí ó bò má baà gé ṣáká bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Yóò gbé pépà kan náà sábẹ́ èkejì, yóò bo ibi tí ó ti kún, yóò tan iná sí ibi tí ó ṣófo. Ojú ìsopọ̀ á wá yọ́ sínú ara wọn. Ìgbà tí ó bá ti pépà bọ kẹ́míkà ni yóò tó mọ̀ bóyá ó bá a tàbí kò bá a. Báyìí ni ilé fi hu gbòǹgbò bí igi, tí igi fi léfòó lórí omi láìsí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé ní New York ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ní 1967.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ọ̀dọ́ wa ni pé kì í ṣe ohun titun ni ó sọ Uelsmann di ọ̀gá, bí kò ṣe ohun àtijọ́ tí ó tọ́jú. Ẹni tí ó ti da fíìmù rẹ̀ nù, kí ni yóò padà lọ wò?

KỌ̀ǸPÚTÀ DÉ

Ní oṣù kejì ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ Adobe gbé Photoshop jáde, ètò kọ̀ǹpútà tí Thomas àti John Knoll, ọmọ ìyá méjì ní Amẹ́ríkà, ṣe. Ní 1994 wọ́n fi ohun kan kún un tí ó jẹ́ kí ènìyàn lè to fọ́tò lé ara wọn bí ẹni to gíláàsì, kí ó sì mú èyí tí ó wù ú fúyẹ́ títí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ yóò fi hàn. Ohun tí Rejlander fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣe di iṣẹ́ wákàtí kan.

Kí Photoshop tó jáde pàápàá ni ìkìlọ̀ ti dé. Ní oṣù kejì ọdún 1982, ìwé ìròyìn National Geographic gbé fọ́tò àwọn pírámíìdì Giza ní Íjíbítì sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Nítorí kí fọ́tò tí ó gbòòrò lè wọ ojú ìwé tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi ẹ̀rọ sún pírámíìdì kan mọ́ èkejì. Ariwo sọ. Òkúta tí Fáráò kò lè sún kúrò lójú kan lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ ọ, olóòtú ìwé ìròyìn sún un. Lónìí, fóònù lè fi ojú ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn, ẹ̀rọ sì lè ya ẹni tí a kò bí rí sínú fọ́tò. Ẹni tí kò kúrò ní àdúgbò rẹ̀ lè fi ara rẹ̀ síwájú Kaaba, kí ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ǹjẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe Hájì?

MUDRAJ INÚ FỌ́TÒ

Àwọn onímímọ̀ wa kò fohùn ṣọ̀kan lórí fọ́tò. Àwọn kan kọ̀ ọ́ pátápátá, àwọn kan gbà á láàyè. Nínú àwọn tí ó gbà á láàyè ni Sheikh Muhammad Bakhit al-Muti'i, tí ó jẹ́ Mùfútì Íjíbítì láti 1914 sí 1920. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀, ohun tí ó sì dúró lé ni pé kámẹ́rà kò dá nǹkan kan. Òjìji tí Ọlọ́run ti dá ni ó mú dúró, bí dígí. Ẹ jẹ́ kí a ronú síwájú díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí pé ọwọ́ ènìyàn kò sí nínú rẹ̀ ni fọ́tò fi rọrùn láti gbà, a jẹ́ pé níbi tí ọwọ́ ènìyàn bá ti wọ inú rẹ̀, ojúṣe ẹni tí ó ṣe é pọ̀ sí i. Kò lè sọ pé dígí lásán ni mo gbé síbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ hàdíìsì ti kọ́ wa bí a ti ń ṣe é. Hàdíìsì kan wà tí wọ́n ń pè ní mudraj: ọ̀rọ̀ ẹni tí ó gba hàdíìsì wá ti wọ inú ọ̀rọ̀ Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, tí olùgbọ́ kò sì mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, àlàyé ọ̀rọ̀ tí ó le ni ẹni náà fẹ́ ṣe. Àwọn onímímọ̀ kò jó ìwé náà nínú iná. Wọ́n wá ojú ìsopọ̀ rẹ̀ rí, wọ́n sì sàmì sí i: títí dé ibí ni ọ̀rọ̀ Ànábì, láti ibí lọ ni ọ̀rọ̀ lágbájá. Al-Khatib al-Baghdadi, tí ó kú ní 1071, kọ odindi ìwé lórí èyí nìkan. Àmọ́ ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti tan ènìyàn jẹ, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n kà á sí.

Òṣùwọ̀n tí a lè fi wọn gbogbo ìtàn tí a ti sọ nìyí. Sadiq Bey so fọ́tò pọ̀, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ hàn. Onífọ́tò Ìlá so fọ́tò pọ̀, ẹni tí ó gbà á mọ̀. Uelsmann so fọ́tò pọ̀, ó sọ fún gbogbo ayé bí ó ti ṣe é. Mumler, Appert àti àwọn ènìyàn Stalin so ó pọ̀ tàbí gé e kúrò, wọ́n sì ní bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Kì í ṣe àlùmọ́gàjí ló jẹ̀bi, ẹnu tí ó bá a lọ ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ ọnà yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú àpótí ilé yín. Ẹ gba fọ́tò àwọn àgbà kí ikán tó jẹ ẹ́. Ẹ ya ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì fi èyí tí ó jẹ́ ìpilẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ẹ bi àwọn tí ó wà láyé léèrè orúkọ, ìlú àti ọdún. Nígbà tí ẹ bá wá so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: ta ni ó ya èyí, ìgbà wo, ibo ni a ti mú tọ̀hún, ta ni ó so wọ́n pọ̀. Isnād fọ́tò nìyẹn. Ẹ má ṣe fi ẹni tí kò sí níbi ìnáwó síbẹ̀, ẹ má sì ṣe yọ ẹni tí ó wà níbẹ̀ kúrò nítorí ìjà ẹbí. Ọmọ tí a kò tíì bí yóò gbé fọ́tò yẹn dání bí ẹ̀rí lọ́jọ́ kan.

Ní ti fọ́tò ilé wa, a kò sọ ọ́ kalẹ̀. A gbé e kúrò lára ògiri fún ìrọ̀lẹ́ kan péré, a tú férémù rẹ̀, ìyá àgbà sì jókòó tì wá. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni ọ̀kan nínú wa ń kọ ọ́ sẹ́yìn pépà: ọdún tí bàbá àgbà ya tiwọn, ọdún tí àwọn náà ya tiwọn, ìdí tí wọ́n fi ní kí onífọ́tò so ó pọ̀. Nígbà tí a kọ ọ́ tán, wọ́n ní kí a kà á sí àwọn létí. A kà á. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé bàbá yín padà sí ẹ̀gbẹ́ mi."

Ìyá àgbà náà ti lọ báyìí. Fọ́tò ṣì wà lára ògiri, ọ̀rọ̀ wọn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a; ṣùgbọ́n fọ́tò tí ó gbé òtítọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kò sí ohun tí ó ń sá fún. Kí Ọlọ́run kẹ́ àwọn àgbà wa, kí Ó sì jẹ́ kí ẹ̀rí tí a ń fi sílẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí òdodo. Àmín.